Wọ́n ń fi owó pọ́ọ́kú ná míkísà mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ṣé kí n dá wọn lóhùn?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mò ń gbé, èmi ni mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú ẹgbẹ́ olórin kan tó ti túká báyìí. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ẹ̀rọ wa kù sí: míkísà Yamaha MG16XU kan, sípíkà méjì tó ní ańpílífáyà nínú, àti máíkì Shure SM58 mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo gbé wọn sórí Jiji àti Facebook Marketplace. N650,000 ni mo dá lé míkísà. Láti ìgbà náà, "èló ni last?" ni mò ń gbọ́ tọ̀sán-tòru. Ẹnì kan ní òun ní N250,000. Òmíràn bi mí pé èló ni mo rà á, mo sọ fún un pé N290,000 ni ní 2021, ló bá ní ṣé mo fẹ́ fi àlòkù jèrè lórí òun ni. Ẹ̀kẹta sọ N480,000, mo bú u, torí inú ti bí mi kọjá ààlà lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i ni mo máa lọ sí ìlú Ọba, mo tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mò ń jápa, kí wọ́n lè mọ̀ pé mi ò ṣeré. Ṣé kí n máa dá wọn lóhùn ni, àbí kí n bílọ́ọ̀kù wọn, àbí kí n kúkú gé owó wálẹ̀? Mo so ìpolówó náà mọ́ lẹ́tà yìí.

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. Kó o tó ka ohun tó kù, ṣí fóònù rẹ, lọ síbi tó o kọ ọ́ sí pé ò ń jápa, kó o pa á rẹ́. Lójú tìrẹ, ó ń fi hàn pé ọjà yìí dájú. Ohun tí oníbàárà ń kà níbẹ̀ yàtọ̀: ọjọ́ ń sún mọ́ ọ, o ò ní gbé míkísà wọ bàálù, bí òun bá sì fọwọ́ lẹ́rán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, iye tó bá wu òun ni òun máa rà á. Ẹni tó ti mọ ọjọ́ tó o máa gbéra ti mọ jálẹ̀ rẹ nìyẹn.

Má bílọ́ọ̀kù ẹnikẹ́ni. Má sì tíì gé owó. A máa dé ibẹ̀.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ohùn ṣe ní Ìbàdàn, tí mo sì ń ta àlòkù wọn. Ṣùgbọ́n ọjà Gbági ni mo ti kọ́ ìnájà, nídìí ìsọ̀ ìyá mi tó ń ta aṣọ. Mi ò rí i kó bínú sí ẹni tó ná aṣọ ní ìdajì owó rí. Á ní, "Kò gbà o. Ẹ fowó lé e." Oníbàárà á fọwọ́ pa aṣọ náà, á ní àwọ̀ rẹ̀ ò kúkú wu òun tó bẹ́ẹ̀, á fi díẹ̀ lé owó, á wá ṣe bí ẹni ń lọ. Ìyá mi á jẹ́ kó rìn dé ìsọ̀ kẹta kó tó ké sí i pé, "Ẹ padà wá ná." Àwọn méjèèjì mọ̀ pé iye àkọ́kọ́ kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni fẹ́ san. Ìlẹ̀kùn ni wọ́n fi ń kàn.

Lórí fóònù, gbogbo ara ìnájà yìí ti bọ́ dànù. Kò sí ẹ kú ọjà, kò sí ìfọwọ́pa, kò sí ẹ̀rín. Ó ku iye owó nìkan, ó dúró níhòòhò: "250k." Ìdí nìyẹn tó fi ń dun èèyàn bí ìwọ̀sí. Èmi náà ti ṣìṣe níbẹ̀ rí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo gbé ańpílífáyà kan sórí Facebook ní N95,000. Ọkùnrin kan kọ N40,000 ránṣẹ́, mo sì kọ ọ̀rọ̀ burúkú padà sí i. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ra irú rẹ̀ gan-an ní N88,000 lọ́wọ́ ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ ò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí tèmi. Ẹni tó tà á fún un ló sọ fún mi. N40,000 náà ló kọ́kọ́ sọ fún un. Òun kàn ní kó wá gbọ́ ọ ná.

"Kó wá gbọ́ ọ ná" yẹn ni mo fẹ́ kó o dì mú nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ. Ìdí kan wà tí owó pọ́ọ́kú fi ń pọ̀ lórí ẹ̀rọ ohùn ju orí àga tàbí bẹ́ẹ̀dì lọ. Fọ́tò tó láti fi ra àga. Ohùn kì í jáde nínú fọ́tò. Ẹni tó ń wo míkísà rẹ ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí kò ní bi ọ́: ṣé gbogbo ojú ihò máíkì ló ń ṣiṣẹ́? Ṣé fédà rẹ̀, bọ́tìnnì tí a ń fà sókè-sódò, kì í ha bí ẹní ń họ ìkòkò? Ṣé wọn ò tíì tú inú rẹ̀ rí? Ṣé kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n jí gbé lóru? Nígbà tí kò rí ìdáhùn, owó ló fi ń dáhùn. Ó yọ owó àtúnṣe kúrò, ó yọ owó ìbẹ̀rù kúrò, ó wá kọ ìyókù ránṣẹ́ sí ọ. Bó o bá gé N100,000 kúrò lórí ọjà náà, ìbẹ̀rù yẹn ò kúrò níbẹ̀. Á tún yọ owó tirẹ̀ lórí iye tuntun.

Mo wo ìpolówó tó o so mọ́ lẹ́tà. Fọ́tò mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan péré ló sì jẹ́ ti míkísà rẹ. Méjì tó kù, orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti mú wọn. Ẹ̀yìn wọn funfun, ẹ̀rọ inú wọn ò ní eruku kankan. Lábẹ́ rẹ̀ lo kọ "neatly used" sí, ó parí. Àbúrò, gbogbo ayé ló ń kọ "neatly used". Ẹni tó ń ta òkú ẹ̀rọ náà ń kọ ọ́.

Bó o ṣe máa tún un ṣe nìyí. Kọ́kọ́ nu ẹ̀rọ náà. Ọyẹ́ tó kọjá ṣì wà nínú àwọn fédà yẹn, mo dá ọ lójú. Ra kọ́ńtáàtì kílínà, oògùn tí wọ́n fi ń fọ inú bọ́tìnnì ẹ̀rọ, lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe, kì í ṣe WD-40 lásán tí wọ́n ń fọ́n sí ìlẹ̀kùn. Fọ́n díẹ̀ sínú fédà kọ̀ọ̀kan, fà á sókè-sódò ní nǹkan bí ogún ìgbà, kó o jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó o tó tan iná sí i. Ọ̀pọ̀ ariwo tí àwọn èèyàn ń pè ní "míkísà yìí ti ń kú lọ", eruku lásán ni.

Lẹ́yìn náà, ṣe fídíò kan láìgé e rárá, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin. Kọ déètì ọjọ́ náà sórí ìwé, gbé e lé orí míkísà kó hàn níbẹ̀rẹ̀. Tan ẹ̀rọ. Mú máíkì kan ṣoṣo, fi í bọ ojú ihò kìíní, sọ̀rọ̀. Yọ ọ́, fi í bọ ìkejì, sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹwàá, torí mẹ́wàá ni ojú máíkì tí MG16XU ní. Ó ń súni, àmọ́ òun gan-an ni fídíò náà. Tan fántọ̀ọ̀mù fólítì 48, ìyẹn iná tí míkísà ń fún máíkì kọ̀ńdẹ́ńsà kó tó lè ṣiṣẹ́, fi irú máíkì bẹ́ẹ̀ tó o bá lè yá dán an wò. Ṣí ẹ̀fẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ bí ohùn ṣe ń dún padà. So ó mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú USB, torí USB yẹn ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń wá báyìí láti fi gba ìwàásù sílẹ̀. Kó o tó pa á, yí i padà, jẹ́ kí wọ́n rí àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀ tó sọ irú iná tó ń jẹ. Ẹ̀rọ tó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ ti fólítì 120, iná tiwa sì jẹ́ 230. Ẹni tó ti jó ẹ̀rọ kan rí ń bẹ̀rù ìyẹn ju ohunkóhun lọ. Fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n bo mẹ́ta tó kẹ́yìn títí oníbàárà á fi dé.

Ti sípíkà, mú ìbòrí iwájú kúrò bó bá ṣeé mú kúrò, kí wọ́n rí i pé pépà rẹ̀ ò ya. Fi orin tó ní dùndún àti béèsì tó wúwo sí i, kọ́kọ́ dín in kù gan-an, kó o gbé fóònù sún mọ́ twítà òkè, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínrín jáde. Twítà tó ti jó kì í sọ̀rọ̀ rárá nígbà tí ohùn bá kéré; nígbà tí ariwo bá pọ̀ ni wọ́n fi ń tan èèyàn. Àwọn tó mọ̀ á rí i pé o mọ ohun tí ò ń ṣe, wọ́n á sì dẹ́kun N250,000 sísọ.

Sọ àléébù rẹ̀ níbẹ̀. Bí fédà keje bá ṣì ń ha, sọ ọ́ kí o sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Àléébù tó o fẹnu ara rẹ sọ lè mú N10,000 kúrò nínú owó rẹ. Èyí tí oníbàárà bá fọwọ́ ara rẹ̀ rí lẹ́yìn tó ti wọ mọ́tò wá láti Iléṣà, gbogbo ìnájà á bẹ̀rẹ̀ látorí òdo, torí kò tún gbà ọ́ gbọ́ mọ́ lórí ohun tó kù. Ya fọ́tò risíìtì 2021 pẹ̀lú, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ẹrù olè, ṣùgbọ́n fi ìka bo iye owó.

Èyí ló mú mi dé N290,000. Kò yẹ kó o sọ ọ́. Kì í ṣe pé kó o parọ́, bí wọ́n bá béèrè, sọ pé, "Ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo iye tí tuntun rẹ̀ ń lọ lónìí." Nígbà tó o ra míkísà yẹn, dọ́là kan ní báńkì ò tó N500. Ní oṣù kẹfà 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa rìn bí ọjà bá ṣe ń rìn. Nígbà tí 2024 fi máa parí, dọ́là kan ti kọjá N1,500. Yamaha kì í tẹ̀lé náírà. Ẹni tó bá fẹ́ gba míkísà rẹ ní N290,000 ń fẹ́ kó o fi owó 2021 ta ọjà òní, owó 2021 yẹn sì ti kúrò nílẹ̀. Kò sí èrè kankan tí ò ń jẹ níbẹ̀: N650,000 tó o bá gbà, o ò lè fi ra irú rẹ̀ ní tuntun. Má fi ìbínú ṣàlàyé rẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ò ronú débẹ̀ rí ni.

Bí èmi ṣe ń dá owó lé àlòkù: mo máa ń pe ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ó kéré tán ọ̀kan ní Alaba ní Èkó, mo sì ń béèrè iye tuntun ní ọjọ́ náà gan-an. Míkísà tó pé, tí gbogbo ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, mo máa ń fojú sí 60 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún owó tuntun. Sípíkà kéré sí i, bí 50, torí ohun tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀ ń gbó. Iye tí àwọn ẹlòmíì kọ sórí ìpolówó tiwọn, má gbára lé e. Iye tí wọ́n ń fẹ́ ni, kì í ṣe iye tí wọ́n gbà. Mo mọ ìpolówó tó ti lo ọdún kan lórí ìkànnì pẹ̀lú iye kan náà. Lórí eBay, èèyàn lè wo kìkì àwọn ọjà tó ti tà. Iye tibẹ̀ kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí n mọ bí àlòkù ẹ̀rọ kan ṣe ń di owó mú sí tuntun rẹ̀.

Ká ní wọ́n sọ fún ọ ní Alaba pé tuntun rẹ̀ ń lọ ní N950,000. Jálẹ̀ rẹ lè jẹ́ N580,000, N650,000 tó o dá lé e sì dára, torí ààyè ìnájà bí ìdá mẹ́wàá wà níbẹ̀. Kọ jálẹ̀ yẹn sórí ìwé lónìí, nígbà tí kò sí ẹni tó ń tì ọ́. Jálẹ̀ tí èèyàn ń ronú rẹ̀ lójú oníbàárà kì í dúró.

Àwọn tó ń ná ọ yìí ò rí bákan náà. Alárobọ̀ wà nínú wọn. Wàá mọ̀ ọ́n: kì í béèrè bóyá fántọ̀ọ̀mù ń ṣiṣẹ́, kì í béèrè nípa USB. "Gbogbo ẹ̀ pọ̀ ńkọ́?" ni tirẹ̀, àti "mo lè wá lónìí." Iye tó ń sọ ní ìṣirò nínú: ó máa san owó mọ́tò, ó máa tún un ṣe, ó lè jókòó tì í fún oṣù mẹ́ta, ó sì gbọ́dọ̀ jèrè. Kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀. Wàá nílò rẹ̀ bó bá di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn tí ọjà ò tíì tà.

Ẹlòmíràn nílò ẹ̀rọ náà lóòótọ́, owó ọwọ́ rẹ̀ ni kò tó. Ìbéèrè rẹ̀ ló ń tú u síta: ojú máíkì mélòó ni, ṣé ó bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tàbí kó ní "akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa pọ̀." Iye tó ń sọ kì í jìnnà jù. Ẹni tó sọ N480,000 fún ọ, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Gbogbo sùúrù tó o ní, òun ni kó o ná an lé lórí.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n kàn ń kọ ìdajì owó sí gbogbo ẹni tó ń ta nǹkan, bóyá ọ̀kan á bọ́. Ìdáhùn kan ti tó wọn.

Ẹni tó yẹ kó o bẹ̀rù ni ẹni tí kò ná ọjà rárá. Yorùbá wo ló ń ra nǹkan N650,000 tí kò sọ pé "ẹ bá mi dín in"? Bí ẹnì kan bá gba iye tó o sọ lójú ẹsẹ̀, tí kò wo fídíò, tó ní òun ò sí nílùú ṣùgbọ́n dírébà òun ń bọ̀ wá gbé e, gbàjúẹ̀ ni, títí tí owó á fi hàn nínú àkáǹtì rẹ. Àtẹ̀jíṣẹ́ aláàtì kì í ṣe owó. Wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Ṣí áàpù báńkì rẹ fúnra rẹ, wo iye tó wà níbẹ̀ kí owó tó wọlé, wo ó lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó kúrò nílẹ̀. Má sì ṣe é nínú yàrá rẹ. Bá ṣọ́ọ̀ṣì tó o ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, kí wọ́n yá ọ ní gbọ̀ngàn ní ọ̀sán Sátidé: iná wà, èèyàn wà, ohùn sì máa ń dára nínú ilé ńlá ju nínú pálọ̀ lọ.

Ní ti èsì, kọ ẹyọ kan kalẹ̀, kó o máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá sọ owó pọ́ọ́kú, kí ìbínú má bàa rí ààyè láti kọ tirẹ̀. Irú èyí tí mo ń lò:

"Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ béèrè. Iye yẹn ò lè gbà, ó ṣì jìnnà. Fídíò rẹ̀ nìyí, gbogbo ojú rẹ̀ ni mo dán wò. Ẹ wá gbọ́ ọ fúnra yín, a jọ máa sọ̀rọ̀ owó níbẹ̀. Ọjọ́ wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?"

Ṣé o rí i pé kò sí iye owó kankan nínú rẹ̀? Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹnì kan bá sọ N300,000, tí ìwọ náà sọ N620,000, o ti gbà pé N300,000 jẹ́ iye tí a lè jọ jókòó lé lórí. Ohun tó máa sọ tẹ̀ lé e ni "ẹ jẹ́ ká pàdé láàárín." Àárín 300 àti 620 jẹ́ 460. O ti sọ ọ̀pọ̀ owó nù kó tó rí míkísà náà rí. Jẹ́ kó fowó lé tirẹ̀ ná títí á fi dé ibi tó bọ́gbọ́n mu, kó o tó sún.

"Èló ni last?" náà nìyẹn. Má sọ ọ́ lórí fóònù láé. Iye tó o bá pè ní jálẹ̀ lórí WhatsApp ni oníbàárà máa fi bẹ̀rẹ̀ ìnájà nígbà tó bá dé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbọ́ ọ ná, mi ò ní le mọ́ yín" ti tó.

Nígbà tó bá dé, tó ti gbọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín, wàá rí i pé ìnájà ti padà di ti Gbági. Sún wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ìsún kọ̀ọ̀kan kéré sí ti ìṣáájú: 650, 625, 610, 600. Ẹni tó ń sún ní 50, 50 ń sọ fún oníbàárà pé ilẹ̀ ṣì jìnnà. Ẹni tó ti di 10 ń sọ fún un pé ó ti kan ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, pa ẹnu mọ́, má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba tirẹ̀ rò fún un.

Bí ẹ bá há sí 590 àti 570, má gé owó. Èènì ni kó o mú jáde. O ti tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ṣáájú: kéébù máíkì mẹ́rin, ìbòrí míkísà, wáyà USB. Kéébù mẹ́rin tó ti ń wó nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ kò tó nǹkan lójú tìrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó máa lọ ra wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mọ iye wọn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó o kọ wọ́n sínú ìpolówó. Èènì tí wọ́n ti rí tẹ́lẹ̀ ti di ara ọjà.

Wàá tún pàdé ẹni tó máa wo sípíkà rẹ, tó máa ní owó yìí lè ra "5,000 watts" tuntun. PMPO ni wọ́n ń kọ sára àwọn yẹn, iye ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn, kì í ṣe agbára tó lè gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Má bá a jiyàn. Fi béèsì sí i.

Máíkì mẹ́ta yẹn, má dà wọ́n pọ̀ mọ́ míkísà. Ọdún 1966 ni Shure ti ń ṣe SM58, ayédèrú rẹ̀ sì kún gbogbo ọjà, nítorí náà owó ìbẹ̀rù orí rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ojúlówó rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 298. Gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, ya fọ́tò rẹ̀, kó o gbé ìyẹn sójú ìpolówó. Sípíkà méjèèjì ńkọ́, má yà wọ́n nípa. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan ti ba ẹyọ kejì jẹ́ fún ọ.

Wàyí o, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ. Oṣù kẹsàn-án nìyí, owó ilé-ìwé ló wà lọ́rùn gbogbo èèyàn. Má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá bà ọ́ lẹ́rù. Bí oṣù kẹwàá bá wọlé, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì á máa múra ìkórè, àwọn olórin á máa múra òde ìparí ọdún, wọ́n á sì máa wá ẹ̀rọ. Nítorí náà, pa ìpolówó àtijọ́ rẹ́, gbé tuntun sí i pẹ̀lú fídíò, di N650,000 mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí kò bá tà, gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sí N610,000, má gé e léraléra. Ẹni tó ń tẹ̀lé ìpolówó rẹ á kàn máa dúró de èyí tó ń bọ̀. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, pe àwọn alárobọ̀ tó o tọ́jú nọ́ńbà wọn, ó kéré tán mẹ́ta, kó o sì jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń bọ̀.

Ohun kan wà tó lè yí gbogbo èyí padà. Bí èèyàn bíi mẹ́rin tí wọn ò mọ ara wọn bá wá gbọ́ ọ, tí wọ́n dán gbogbo rẹ̀ wò, tí gbogbo wọn sì dúró sí nǹkan bí N520,000, a jẹ́ pé N520,000 ni míkísà yẹn ń lọ ní Òṣogbo. Míkísà díjítà, èyí tí kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ gan-an, ti gba ojú ọ̀pọ̀ èèyàn, ìyẹn sì ń fa owó irú tìrẹ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gba ti àwọn tó ti gbọ́ ọ rò. Iye tí àwọn tó kàn tẹ fóònù sọ kò sí nínú ìṣirò yìí.

Ó ku ẹni tó o bú. Má kọ̀wé sí i lálẹ́ yìí. Ṣe fídíò náà ná. Bó bá ti parí, kọ ọ́ báyìí pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín lọ́jọ́sí, kò yẹ kí n sọ ọ́. Mo ti dán ẹ̀rọ náà wò láti ojú kìíní dé ìkẹwàá, fídíò rẹ̀ nìyí. Bí ẹ bá ṣì ń wá míkísà, a máa tàn án ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sátidé láti aago méjìlá. Ẹ wá fi máíkì tiyín dán an wò." Má dárúkọ owó kankan fún un. Bó bá dé, fún un ní àga kó jókòó, kó o fi máíkì lé e lọ́wọ́.